Aṣọ Ará Ìràwọ̀ Tí Mo Kọ̀ Láti Gé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa kéèyàn kọ́ láyé tó dà báyìí, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ẹ pa fóònù. Mi ò lè máa sọ̀rọ̀ kí ẹni tí mò ń bá sọ ọ́ máa tẹ nǹkan lábẹ́ tábìlì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin ń rí èmi arúgbó tí wọ́n ń pè sórí pèpéle níbi tí wọ́n bá ti ń ṣàfihàn fíìmù, ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó máa pè mí.

Fọláṣadé ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, aṣọ eré ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rán, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni aṣọ Ará Ìràwọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sórí òkè Ayọ́ba, tí ẹ̀yà ọkọ̀ náà sì fọ́n káàkiri Èkìtì. Nínú apá kọ̀ọ̀kan fíìmù náà, ìlú kan ló ti ń wá ẹ̀yà kan. Ó ti wá a dé Ìyìn, ó ti wá a dé Ìgèdè, Ìlawẹ̀ àti Ìfàkì. Níwọ̀n bí ìlú ò ti tán ní Èkìtì, fíìmù náà ò tán. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tà á, ó di pẹlẹbẹ sídì, ní báyìí inú fóònù tí mo ní kí ẹ pa yẹn lẹ ti ń wò ó. Ẹni tó wà nínú aṣọ náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyípadà àkọ́kọ́ ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní yé yín bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́.

Olùkọ́ ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí èmi náà di olùkọ́. Orí mi ò gbà á. Ni ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adéòṣun ní Fájuyì, ẹni tó ń rán aṣọ àlùfáà àti aṣọ akọrin fún àwọn ìjọ tó wà ní Adó. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, Bàbá gbà mí, ó parí.

Bàbá yìí le. Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Títú ni mò ń tú. Èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ àgbà bá rán wọ́, èmi ni n ó fi abẹ tú u, n ó sì ṣa òwú rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá mọ títú kò lè mọ rírán. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán, òfin míì tún dé: ohun tí mo bá rán, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ ti ọkùnrin, n ó sì wọ̀ ọ́ rìn láti Fájuyì dé Ọjà Ọba, n ó tún wọ̀ ọ́ padà. Àwọn ìyá aláta ọjà ni adájọ́. Bí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín, títú ló kù. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹnu aláta lè ṣe fún ọmọbìnrin tó wọ aṣọ akọrin ọkùnrin kọjá lọ́jọ́ ọjà.

"Ọmọ mi, ẹ kú uṣẹ́ o," ni ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ṣé ọkùnrin ti tán ní ulé ìjọ́sìn yín ni?"

Mo sunkún délé. Bàbá Adéòṣun kàn na abẹ sí mi. Ó ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo tú aṣọ náà, mo tún un rán, mo tún wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọjá tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan, mo mọ̀ pé mo ti ń di télọ̀.

Òfin rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ìyá kan gbé agbádá àbúrò rẹ̀ wá. Àbúrò náà ti rìnrìn àjò, ìyá yìí sì fẹ́ ká gé agbádá náà kù fún ọkọ òun. Bàbá ò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ni ín dà?" ló bi í.

"Ó wà lókè òkun, Bàbá."

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Ó wà láàyè o, ẹ má fi ẹnu yín pè é."

"Kó dé ná," ni Bàbá wí, ó sì ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Sísọ́ọ̀sì kì í wọ aṣọ alààyè láti fi ṣe ti ẹlòmíràn, àfi kí ẹni tó ni ín gbé ọwọ́ lé e lójú wa, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ti bọ́ ọ. Ẹ gé e." Bàbá ní òkú nìkan ni wọ́n ń gé aṣọ rẹ̀ láìbi í. Télọ̀ tó bá gé ti alààyè láìgbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ti kà á mọ́ òkú, òun ò sì ní sìnkú ẹni tó ṣì ń jẹun. Àṣejù àgbàlagbà ni mo pè é nígbà náà. Lẹ́yìn ilé, a máa ń ṣe bí Bàbá, a ó fi ọwọ́ lé àkísà tá a fi ń nu ẹ̀rọ, a ó ní, "Mo ti bọ́ ọ," a ó sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ òmìnira mi, ó fún mi ní sísọ́ọ̀sì kan tó wúwo. Ó tún fún mi ní aṣọ iṣẹ́ dúdú kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán látinú ìyókù aṣọ àlùfáà, tó ní àpò púpọ̀ fún abẹ́rẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí n má bọ́ ọ títí iṣẹ́ á fi tán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí pé kí n ṣì bá òun ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, ibẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí Ọ̀gá Táyọ̀ wọlé.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Ọ̀gá Táyọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú. Ó kí Bàbá, ó fọwọ́ nu ojú, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán aṣọ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ará ayé."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Báwo ló ṣe ga tó?"

Ọ̀gá Táyọ̀ máa ń sọ ọ́ títí di òní pé ìbéèrè yẹn ló dá fíìmù náà sílẹ̀, torí gbogbo ẹni tí òun ti bá sọ ọ́ ṣáájú ló bi òun bóyá ara òun yá. Bàbá yíjú sí mi. "Ṣadé, mú téèpù," ó wí.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì la fi ṣe ara aṣọ náà. Páànù tí àwọn kanlékanlé gé sọ nù ni mo fi ṣe ìpẹ́ àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Igbá ńlá tí mo kùn ní fàdákà ni orí, gíláàsì àṣíborí ọlọ́kadà sì ni ojú. Táyà ọkọ̀ ni mo fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni Káyọ̀, ọmọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìgbẹ́mọ, tó ń gun ọ̀kadà ní Adó kó tó di òṣèré. Bàtà yẹn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rìn bí èèyàn. Káyọ̀ kò bínú sí i. Inú oko ìrẹsì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó kàn ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nínú àbàtà: á fa ẹsẹ̀ yọ, á dá a dúró lókè díẹ̀, á wá rọra fi lélẹ̀. Ọ̀gá Táyọ̀ fẹ́ kí n tú bàtà náà kó lè rìn geere. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká wò ó ná. Kò pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde tí gbogbo ọmọdé Adó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, tí àwọn ìyá wọn ń pariwo pé wọ́n á pẹ́.

Owó tá a gbà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. A fi jẹ iyán, iyán náà sì dùn. Fíìmù kan di méjì, méjì di púpọ̀. Mo kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo gba ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí di ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ di oníná. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ojú Káyọ̀. Ó lè wọ Ọjà Ọba lọ ra iṣu, kí ẹni tó ń tà á fún un máa ròyìn Ará Ìràwọ̀ fún un. Ó gbádùn rẹ̀ púpọ̀ nígbà náà.

Àjálù tó bá wa, orí àpáta kan lẹ́yìn Ìyìn ló ti ṣẹlẹ̀. Ìran tí ọkọ̀ òfurufú á ti fẹ́ gbéra ni a ń yà, wọ́n sì ta báńgà kí èéfín lè rú. Afẹ́fẹ́ yí padà. Ẹ̀ta iná kan fò wọ abẹ́ ìpẹ́ páànù ẹ̀yìn Káyọ̀, fóòmù sì gbiná níbi tí ojú kò tó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìrìn yẹn kì í ṣe ìrìn tá a mọ̀. Mo sáré dé ibẹ̀, mo fa síìpù, ooru ti mú un lẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú igbá.

"Àǹtí Ṣadé, ẹ gé e."

Mo ti sísọ́ọ̀sì Bàbá bọ ọrùn aṣọ náà, mo gé e já dé itan, a sì fà á yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti apá rẹ̀ kan ti jóná, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ wà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bó ṣe rí nìyẹn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí ó tó bù ú, ẹ bi ẹni tó wà nínú ilé.

Káyọ̀ pẹ́ nílé ìwòsàn. Mo rán aṣọ míì sílẹ̀ dè é, pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀ tí mo ti mọ̀ lórí. Lọ́jọ́ tó wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi, Ọ̀gá Táyọ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun méjì ni Káyọ̀ béèrè: kí fíìmù ran òun lọ́wọ́ lórí ìtọ́jú ẹ̀yìn òun, kí owó iṣẹ́ òun sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn kọjá lójú kámẹ́rà. Ó rọra sọ ọ́ ni. Ọ̀gá Táyọ̀ kì í ṣe ìkà, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onígbọ̀wọ́ ló ń fún un lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, ẹyin ni.

"Káyọ̀, ta ló ń rí ojú ẹ? Igbá ni wọ́n ń wò. Ẹnikẹ́ni ló lè wà nínú rẹ̀."

Káyọ̀ wo aṣọ náà, ó wo èmi, ó sì jáde.

Kò pẹ́ ni Ọ̀gá Táyọ̀ tún padà wá, òun àti ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ṣèyí, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré ní yunifásítì. Ọmọ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó kúrú ju Káyọ̀ lọ, àyà rẹ̀ sì fẹ̀.

"Bá mi gé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kù," ni Ọ̀gá Táyọ̀ wí, "kí o sì fẹ àyà rẹ̀."

Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo gbé aṣọ náà lé tábìlì. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Ọ̀gá, ẹni tó ni ín dà?"

"Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo sanwó rẹ̀."

"Ẹ sanwó rẹ̀ lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n ara Káyọ̀ ni mo fi rán an, Káyọ̀ sì wà láàyè. Ẹ jẹ́ kó wá gbé ọwọ́ lé e."

"Ṣadé, aṣọ eré ni. Kì í ṣe agbádá."

"Mo mọ̀, sà. Ó jóná nínú ti àkọ́kọ́, kì í ṣe eré ló fi jóná."

Ẹ jẹ́ kí n la ohun tó wà nílẹ̀ fún yín. Fíìmù yẹn ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá kọ̀ ọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá gé e, Káyọ̀ ti tán nìyẹn, a ti kà á mọ́ òkú lójú ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀ mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Inú bí Ọ̀gá Táyọ̀. Ó ká aṣọ náà mọ́ abẹ́ apá, ó ní télọ̀ pọ̀ ní Adó. Télọ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ọmọ iṣẹ́ Bàbá Adéòṣun ni. Èyí tó wà ní ọ̀nà Ìyìn, ọmọ iṣẹ́ Bàbá ni. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bó ṣe ń tú aṣọ náà sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n rí i pé ó ti gba ìwọ̀n ẹnì kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: ẹni tó ni ín dà? Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sá fún ọ̀gá tó le, ẹ gbọ́ èyí. A fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ti wọ gbogbo wa lára, ẹnì kan nínú wa ò mọ̀ pé ẹnì kejì ń pa á mọ́.

Nígbẹ̀yìn, ó ju aṣọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó lọ rán òmíràn ní ìlú tó jìnnà, Ṣèyí sì wọ̀ ọ́ ṣe fíìmù. Sídì náà jáde. Mo lọ sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà, mo dúró nítòsí ọkùnrin tó ń tà á, ó ti tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè wò. Àwọn ìyá aláta kóra jọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ará Ìràwọ̀ jáde látinú igbó, aṣọ rẹ̀ ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rìn bí ẹni tó ń lọ sí báńkì.

"Kì í ṣe òun rèé," ni ìyá kan wí.

"Òun ni, Màmá, ẹ wo aṣọ rẹ̀," ni ọlọ́jà sídì wí.

"Mo ní kì í ṣe òun. Ibo lẹ gbé ọmọ wa lọ? Ibi yòówù kí ulé rẹ̀ wà, ẹ lọ pè é wá."

Wọ́n padà sídìí ata wọn. Bó ṣe rí lọ́jà náà ló rí káàkiri. Sídì wà nílẹ̀ gègèrè, ẹnikẹ́ni ò rà á. Ojú tí Ọ̀gá Táyọ̀ sọ pé wọn ò rí, wọn ò rí i lóòótọ́. Èèyàn tó wà nínú aṣọ ni wọ́n ń rí látọjọ́ yìí wá. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí ni Ṣèyí, torí àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ládùúgbò rẹ̀. Ó wá bá mi. "Màmá, wọ́n sọ fún mi pé ẹni àkọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni," ó wí. "Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́ àfi kí n fojú kan ẹni yẹn." Mo mọ̀ pé ilé ire ni ọmọ náà ti wá.

Ọ̀gá Táyọ̀ alára ló bẹ̀ mí kí n pe ìpàdé. Ṣọ́ọ̀bù mi la ṣe é sí, lọ́sàn-án gangan. Mo ránṣẹ́ sí Bàbá Adéòṣun, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà. Ọ̀kadà ló gbé e wá, ó sì bá ọlọ́kadà náà jà pé ó sáré jù. Mo tẹ́ aṣọ Káyọ̀ sórí tábìlì, gbogbo wa jókòó yí i ká.

Ọ̀gá Táyọ̀ ṣí fìlà. "Káyọ̀, mo sọ̀rọ̀ àìtọ́ sí ọ. Padà wá wọ aṣọ rẹ."

Káyọ̀ mi orí. "Ọ̀gá, mi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà ní ẹ̀yìn mi ò lè gbé e."

Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìjà tí mo ti jà, mo rò pé nítorí kó lè padà sínú aṣọ náà ni. Káyọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀yìn òun. Ó ní kí orúkọ òun máa ṣáájú nínú gbogbo fíìmù tí aṣọ náà bá ti jáde, kí ìpín òun sì máa wà nínú ohun tó bá mú wálé, torí òun ló kọ́ ọ ní ìrìn. Bí wọ́n bá ṣe ìyẹn, òun á fi ìrìn náà kọ́ Ṣèyí.

Ṣèyí gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Lọ́jọ́ tí èmi náà bá bọ́ ọ ńkọ́?"

"Bákan náà," ni Káyọ̀ dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. "Ẹnikẹ́ni tó bá wọ̀ ọ́."

Ọ̀gá Táyọ̀ fọwọ́ gbá orí. "Bí mo bá ń pín in fún gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́, kí ni yóò kù fún mi?"

Bàbá Adéòṣun, tí a rò pé ó ti sùn, la ojú. "Kí ló kù fún ọ nísinsìnyí?"

Níta, ẹnì kan ń kiri gúgúrú. Ọ̀gá Táyọ̀ wo aṣọ náà títí, ó wá ní òun gbà, gbogbo rẹ̀ pátá, a sì kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.

Káyọ̀ dìde. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó jóná lé àyà aṣọ náà, ó sì fi síbẹ̀ díẹ̀. "Mo ti bọ́ ọ," ó wí. "Àǹtí Ṣadé, ẹ gé e."

Mo gé e.

Àbàtà ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ ni Káyọ̀ mú Ṣèyí lọ kọ́ ìrìn. Ṣèyí ṣubú sínú ẹrẹ̀ títí àwọn obìnrin oko fi ní kó kúkú máa gbin ìrẹsì bó ṣe ń lọ. Nígbà tí fíìmù náà jáde, mo tún lọ dúró ní Ọjà Ọba. Orúkọ Káyọ̀ kọ́kọ́ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Ará Ìràwọ̀ fa ẹsẹ̀ yọ, ó dá a dúró lókè, ó fi lélẹ̀.

"Hẹ̀n ẹ́n," ni ìyá aláta ọjọ́sí wí. "Ọmọ wa ti dé. Ó kàn sanra díẹ̀ ni."

Wọ́n ra sídì yẹn tán kí oòrùn tó wọ̀. Mo kọrin délé, èmi tí mi ò lóhùn.

Ṣèyí wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí agbára rẹ̀ ń rẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ lé e fún Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin Ìyìn kan tó ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ìpín Káyọ̀ àti ti Ṣèyí ń lọ déédéé. Káyọ̀ fi tirẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì, gbogbo Ìgbẹ́mọ sì mọ̀ ọ́n sí Bàbá Ìràwọ̀. Irinṣẹ́ tèmi náà yí padà. Igbá ti lọ, ẹ̀rọ kan wà tó ń mọ àṣíborí láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni ń mọ ìkòkò, iná kéékèèké sì ń tàn lójú rẹ̀. Mo kọ́ ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ilé iṣẹ́ kan láti òkèèrè wá bá Ọ̀gá Táyọ̀ pé kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ya Ará Ìràwọ̀, kò ní nílò ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́, kò sì ní sí ẹni tí wọ́n á máa pín nǹkan fún. Wọ́n ní arúgbó náà gbọ́ wọn tán, ó ṣí fìlà, ó bi wọ́n pé, "Ẹni tó ni ín dà?" Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ.

Ní ti èmi, ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, ni mo bá ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bọ́lá, àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ iṣẹ́ dúdú tí Bàbá Adéòṣun rán fún mi yóò di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kéré sí tèmi. Káyọ̀ wá, Ṣèyí wá, Tọ́pẹ́ wá, Ọ̀gá Táyọ̀ fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá. Bọ́lá tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kò fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn ń wò mí. Bàbá ti lọ sínmi, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń bi ìyá alágbádá yẹn.

Mo gbé ọwọ́ mi lé e. Ó dùn mí, inú mi sì dùn, àwọn méjèèjì pọ̀ bákan náà.

"Mo ti bọ́ ọ," mo wí. "Bọ́lá, gé e."

Ó gé e. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ̀ ọ́ rìn láti Fájuyì dé Ọjà Ọba, ó kọjá láàárín àwọn aláta, ó sì tún wọ̀ ọ́ padà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.